Hameedah Ń Dúró De Ègbè

Lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà kógbá sílé, wọ́n ní kí kálukú mú nǹkan kan nínú ẹrù tó kù, kó máa lọ sílé. Ọdún tí ìjọba ológun gbé epo bẹntiróòlù lọ sí náírà mọ́kànlá ni. Aṣọ là ń hun níbẹ̀. Òwú ti wọ́n látìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti dé, àwọn ará Ṣáínà tó ni ilé iṣẹ́ náà sì ti ń di ẹrù wọn díẹ̀díẹ̀ kó tó di pé wọ́n sọ fún wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sáré mú fáànù, àwọn kan mú àga, ẹnì kan gbé ìkòkò ńlá ilé ìdáná. Èmi Munirat wọ yàrá fàájì àwọn ọ̀gá, mo gbé káríókè wọn.

Ẹ̀rọ náà tóbi tó àpótí aṣọ. Ó ní ihò kásẹ́ẹ̀tì méjì, ó ní máìkì méjì, ó tún ní bọ́tìnnì kan tó máa ń jẹ́ kí ohùn ró bíi pé inú kànga lèèyàn wà. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní ohùn akọrin rárá. Ìlù àti dùùrù nìkan ló wà nínú rẹ̀, ìwọ tó di máìkì mú ni wàá fi ohùn tìrẹ sí i. Láti Ọba Ákran títí dé Ifàkò ni wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Munirat, ṣé orin lo máa sè jẹ lálẹ́ òní?" Mo ní orin kì í jóná nínú ìkòkò, kí wọ́n lọ tọ́jú ti wọn.

Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ nígbà náà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Èèyàn tó ti ń ká aṣọ fún ọ̀gá látìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ yẹ kó mọ ohun tó wù ú nígbà tí wọ́n bá ní kó mú.

Palọ̀ mi kò fẹ̀, àmọ́ tó bá ti di ọ̀sán Sátidé tí iná bá wà, àwọn ọmọ àdúgbò á ti kún un fọ́fọ́. Àwọn kékeré kò yọ mí lẹ́nu, torí ọmọ ọdún mẹ́fà ò mọ̀ pé ohùn òun kò dáa. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà ni wàhálà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá á fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà, á ní òun kàn wá wòran ni. Tí o bá na máìkì sí i, á rẹ́rìn-ín, á tì í sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó sì ń wù ú, ìtìjú ni kò jẹ́.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó bá ẹ̀rọ wá tún dá kún un. Orin òyìnbó ni gbogbo wọn, irú èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó wá ń gòkè bí ẹni ń gun àgbọn, tí ohùn á dé orí tán tí kò ní mọ bí òun ṣe máa sọ̀ kalẹ̀. Abdulwasiu, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà, gbìyànjú ọ̀kan. Nígbà tó dé òkè, ohùn náà já sí méjì, ìdajì di ti bàbá rẹ̀, ìdajì di ti ìyá rẹ̀. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbára yílẹ̀. Inú bí mi, mo lé gbogbo wọn jáde. Wọn ò ní fi ohùn ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹlẹ́yà nínú ilé tí mò ń sanwó rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Job ni mo gbà lọ. Job ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn ilé wa, ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn náà lèmi àti òun sì ti jọ ṣiṣẹ́ kó tó kógbá sílé. Mo ní kó bá mi ṣe orin tó rọrùn sínú kásẹ́ẹ̀tì.

"Orin ọmọdé lẹ fẹ́, àbí? Orin ológbò àti adìyẹ?"

Mo ní kó má bú àwọn ọmọ mi. Ọmọ tí irun ti ń hù lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kò ní kọrin adìyẹ níwájú ọmọbìnrin, á kúkú lọ sùn sílé. "Orin àgbà ni mo fẹ́," mo wí, "àmọ́ kó má gùn. Kó má ga ju bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́, kí wọ́n má baà máa wá a kiri. Kí wọ́n sì ráyè mí."

Job fi ìka kan tẹ dùùrù rẹ̀, ó ń rò ó. "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ti yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kí ló wá kù nínú orin?"

"Ọmọ ló kù," mo dá a lóhùn.

A ṣe orin nípa rélùwéè Agége tí kì í tètè dé. A ṣe ọ̀kan nípa ẹni tó sá aṣọ tí òjò dé bá a. Abdulwasiu mú ti rélùwéè, torí nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà látòkè délẹ̀, bí ìgbà tí baba arúgbó bá ń kùn. Mo ní kó kọjú sí fèrèsé, kó kẹ̀yìn sí wa, kó máa kọ ọ́ fún àwọn tó ń kọjá ní títì. Ó kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ bẹ́ẹ̀. Kó tó dé òpin, òun fúnra rẹ̀ ti yíjú padà, ó ń nàka sí wa bí ẹni tó ti ń kọrin látọjọ́ tó ti dáyé. Mo mọ̀ pé ọ̀nà náà ti là.

Orin kẹta, èmi ni mo mú un wá. Orin tí àwa obìnrin máa ń kọ ní ilé iṣẹ́ ni. Aṣọ tó bá jáde látinú ẹ̀rọ máa ń gùn débi pé ẹnì kan ò lè dá a ká. Èèyàn méjì á di etí rẹ̀ mú, ẹni àkọ́kọ́ á lé orin bó ṣe ń ká tirẹ̀, èkejì á gbè é bí òun náà ṣe ń ká ti ọwọ́ rẹ̀. Tí èkejì kò bá gbè é, ẹni àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ṣípò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aṣọ á wọ́.

Mo ká a sí méjì.
Ó dọ́gba, ó gún.
Mo ká a sí mẹ́rin.
Ó dọ́gba, ó gún.
Ẹni tó ní kò gún ńkọ́?
Kó wá wò ó.

Kò sí orin tó rọrùn tó o. Gbogbo wọn ló lè dá a kọ láàárín ọjọ́ kan, àfi Hameedah.

Hameedah ni àkọ́bí Alhaji Jimoh, lánlọ́ọ̀dù mi, tó ń ta páànù ní Agége. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ó mọ̀wé, ó mọ kéú, bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá jọ ń kọrin pọ̀, wàá gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín wọn, ó tutù, ó sì mọ́. Àmọ́ kó dá nìkan wà, ẹnu rẹ̀ á ti. Àbúrò rẹ̀, Màríàm, yàtọ̀ sí i pátápátá. Màríàm kò tíì pé ọdún méjìlá, ó ti ń já máìkì gbà lọ́wọ́ àwọn tó jù ú lọ, ohùn rẹ̀ kò sì kọjá ti àwọn yòókù rárá. Ìgboyà ló ní, ó sì ń ná an.

Lọ́dún náà, àwọn méjèèjì ń ṣe wòlímà. Ẹni tó bá ti ṣe wòlímà rí mọ̀ pé ọmọ tó parí ẹ̀kọ́ kéú á jókòó lórí ẹní níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí, á ka tirẹ̀ sókè, òun nìkan. Ní ilé kéú, wọ́n ti ń dán wọn wò. Màríàm ń kà bí omi ẹ̀rọ. Hameedah á ka áyà kan, ìyẹn ẹsẹ Àlùkùránì kan, á sì dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Alhaji, ó pe àwọn ọmọ jọ lágbàlá, gbogbo àwa ayálégbé sì gbọ́ ohun tó sọ.

"Hameedah, wàá jókòó lórí ẹní torí ìwọ ni àgbà. Àmọ́ ẹni tó bá kà á tì nínú ẹ̀yin méjèèjì á dìde lójú gbogbo ayé, á gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ìyá yín, á máa fẹ́ ẹnì kejì ẹ̀. Mi ò ní tún un sọ."

Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń bá wí. Kí ẹ̀gbọ́n dúró lójú agbo, kó máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí àbúrò tó jókòó, ìyẹn kì í tán lára èèyàn. Wọ́n á máa sọ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Hameedah fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ẹ̀rọ yẹn, èmi nìkan. Tí mo bá lè kọrin nínú máìkì, mo máa lè kàwé lórí ẹní."

Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi orin aṣọ kíká sí i. Ó di máìkì mú dáadáa. Ó kọ ìlà àkọ́kọ́, ó dákẹ́. Dùùrù ń bá tirẹ̀ lọ. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Ó kọ ìlà kan, ó tún dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kan sí i, bákan náà ni. Èmi náà sì nìyí, sùúrù mi kò gùn.

"Kí lò ń wò, Hameedah? Orin ti ń lọ."

"Mi ò wo nǹkan kan, Àǹtí. Mò ń dúró dè wọ́n ni."

"Dúró de ta?"

"Àwọn tó máa gbè é."

Mo jókòó sórí àga mi. Ọmọ yìí kì í ṣe ojo, àṣé èmi ni mi ò rí i. Níbo ló ti rí ẹni tó ń dá kọrin rí? Nílé kéú, Áfà á ka ìlà kan, àwọn ọmọ á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọrin nídìí ìfọṣọ, àwọn ọmọ ló ń gbè é. Àwa náà ní ilé iṣẹ́, ta ló dá aṣọ ká? Ilẹ̀ ibòmíì ni ẹ̀rọ yìí ti wá, níbi tí ẹnì kan á ti máa kọrin tí àwọn yòókù á máa mu nǹkan tutù, tí wọ́n á máa wò ó. A gbé ọmọ wa síwájú ohun tí kì í dáhùn, a wá ní kò láyà. Hameedah kọ tirẹ̀ tán, ó wá fún ẹlòmíì láyè bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Mo ní, "Ó dáa, fi lílé sílẹ̀. Ègbè nìkan ni kó o kọ, èmi á lé e." Ojú rẹ̀ tú ká. Mo rọra ń lé orin lẹ́nu kí máìkì má baà gbé ohùn mi, òun ń gbè é sínú ẹ̀rọ, kò bẹ̀rù rárá, torí ẹni tó ń gbè kì í rò pé òun lèèyàn ń gbọ́. Mo ti ki kásẹ́ẹ̀tì òfìfo sínú ihò kejì. Gbogbo ègbè náà wọlé síbẹ̀ pátá.

Nígbà tó padà wá, mo tan kásẹ́ẹ̀tì náà fún un, mo ní kó lé e. Ó kọ ìlà àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ náà dá a lóhùn: ó dọ́gba, ó gún. Ó ṣẹ́jú, ó kọ ìkejì. Ẹ̀rọ dáhùn. Ó kọ orin náà délẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ti wálẹ̀.

"Àǹtí, ta ló ń gbè é? Ohùn ẹ̀ dùn."

"Ọmọ àdúgbò yìí ni."

"Ṣé Kíkẹ́lọmọ ni, ọmọ ìyá alágbàdo?"

"Kíkẹ́lọmọ kọ́. Ìwọ ni."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí n tún un tan, ó sì gbé etí lé ara ẹ̀rọ bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. "Ṣé bí mo ṣe máa ń dún nìyẹn?" Mo ní bó ṣe máa ń dún nìyẹn látọjọ́ yìí, òun nìkan ni kò gbọ́ ọ rí. Inú mi dùn débi pé mo se ẹyin méjì fún un, ọdún tí ẹyin di nǹkan ọlọ́lá.

Látìgbà náà, bó bá ti wá, mo máa ń dín ohùn ègbè kù díẹ̀ láìsọ fún un. Ègbè náà ń jìnnà sí i, bí ẹni tó ń gba ojú títì lọ, títí kò fi sí mọ́, àyè rẹ̀ nìkan ló kù. Hameedah á kọ tirẹ̀, á dákẹ́ fún àyè náà, á sì mú ìlà tó kàn. Ó ń gbọ́ ọ nínú ara rẹ̀. Bó ṣe ń kọrin náà lọ́jọ́ kan ni Alhaji ṣílẹ̀kùn.

"Munirat! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mutí lo fi ń kọ́ ọmọ mi, nígbà tí wòlímà ti dé tán?"

"Alhaji, ẹ̀rọ yìí ò mutí rí. Àwọn tó jókòó tì í ló mu ún."

"Má dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má bínú, sà. Àmọ́ mi ò fi dùùrù sí Àlùkùránì, mi ò ya wèrè. Orin aṣọ kíká lọmọ yín ń kọ. Ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ohùn tí ẹ bí ni."

Kò dúró. Ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó ní kò gbọdọ̀ tẹ palọ̀ mi mọ́. Ó dùn mí wọra. Kì í ṣe torí pé ó jágbe mọ́ mi, torí pé kò dúró gbọ́ ọ ni. Àmọ́ láti fèrèsé mi, mo ń rí Hameedah lágbàlá nídìí okùn aṣọ. Ó ń ká aṣọ ilé wọn. Ètè rẹ̀ ń mì, á dúró, á tún mì. Mi ò bẹ̀rù mọ́.

Wọ́n pàgọ́ síwájú mọ́ṣáláṣí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ méjèèjì wọ funfun, wọ́n jókòó lórí ẹní, Áfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá wọn jókòó lẹ́yìn, ó gbé abẹ̀bẹ̀ ráfíà lé itan. Ooru mú, àmọ́ kò fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tí kò rí abẹ̀bẹ̀ náà.

Wọ́n ní kí Hameedah bẹ̀rẹ̀. Ó ka áyà àkọ́kọ́, ó dákẹ́.

Alhaji wúkọ́. Áfà ti ń la ẹnu láti rán an létí èyí tó kàn. Èmi nìkan ni mo mọ bí àyè yẹn ṣe gùn tó, torí ọwọ́ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo sọ ọ́ sínú pé ó dọ́gba, ó gún. Mo sọ ọ́ tán, Hameedah sì ka ìkejì.

Ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ́, kò ga ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó ń kà, ó ń dúró, ó ń kà. Àwọn àgbà tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run sínú àyè tó ń fi sílẹ̀, àwọn obìnrin náà gbà á, nígbà tó fi máa dé òpin, gbogbo àgọ́ ti ń dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Èmi náà ń sunkún, mi ò sì tijú.

Ó kan Màríàm. Màríàm bẹ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe, ó ń sáré, kò mí, kò dúró. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Àfi bó ṣe dé àárín, ó tún ibi tó ti kà kà, ó tún un kà, ó sì dúró. Kò rí ìyókù mọ́. Ó wo Áfà, ó wo bàbá rẹ̀. Alhaji ń wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lágbàlá ti wà nílẹ̀, gbogbo wa la sì gbọ́ ọ. Màríàm tí kì í sunkún bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, ó na ọwọ́ sí abẹ̀bẹ̀ orí itan ìyá rẹ̀.

Hameedah di etí aṣọ àbúrò rẹ̀ mú, ó fà á jókòó.

Kò gbójú sókè. Ó fi ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ẹni tó ń gbè, ka áyà tí àbúrò rẹ̀ kà kẹ́yìn, ó sì dákẹ́. Ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Màríàm mí kanlẹ̀, ó wọ inú àyè náà, ó ka èyí tó kàn. Hameedah gbà á lábẹ́, ó tún dákẹ́. Áfà gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí ìwé, ó fi wọ́n sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kà á dé òpin, èyí àbúrò ń lé, èyí ẹ̀gbọ́n ń gbè, bí àwọn tó ń ká aṣọ kan ṣoṣo.

Alhaji dìde. Ó rìn gba àárín àwọn obìnrin kọjá, ó gba abẹ̀bẹ̀ lórí itan ìyàwó rẹ̀. Ó wá dúró sẹ́yìn àwọn ọmọ méjèèjì, bàbá onípáànù pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀, ó sì ń fẹ́ wọn lójú gbogbo ayé. Kò jókòó títí Áfà fi ṣàdúà tán.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbọ́ ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Alhaji ni, ó di Màríàm lọ́wọ́ mú, Hameedah ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Munirat, ẹ káàsán o."

"Ẹ káàsán, sà."

"Eléyìí," ó ti Màríàm síwájú díẹ̀, "lílé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Bá mi kọ́ ọ ní ègbè."

Mi ò lè pa á mọ́ra. "Alhaji, ẹ̀rọ ọtí ńkọ́?"

Ó wọlé, ó fa àga kan, ó jókòó. "Tan án," ó ní. "Mo fẹ́ gbọ́ ohùn tí mo bí."